Ìró Èkùrọ́ Nínú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mi

Mo ń tẹ̀wé lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì wa ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n wá pè mí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó nígbà náà, iṣẹ́ pọ̀, àga ò tó. Tábìlì tí wọ́n fún mi kúrú bíi ti ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lórí rẹ̀ sì ti gbó débi pé lẹ́tà rẹ̀ kì í hàn dáadáa. Àfi kí n na ọrùn síwájú bí ìjàpá kí n tó rí ohun tí mo tẹ̀. Ẹni tó jíṣẹ́ náà ò wọlé. Ojú wíńdò ló dúró sí.

"Ìyàwó Fẹ́mi, Màmá Ọ̀rùn ní kí ẹ máa bọ̀."

"Ṣé kò sí o?"

"Wọ́n ṣáà ní Màmá ń pè yín."

Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ mi ti kú nìyẹn. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ni, wọn kì í là á mọ́ èèyàn lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi bí mo ṣe wọ mọ́tò gba Ìsẹ̀ lọ sí Ọ̀rùn, ìlú ọkọ mi. Màmá ń pè yín.

Mo ń kọ ìrírí yìí fún ẹ̀yin tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ń dún nígbà tí ẹ bá ń jẹun, tí etí ń ro yín tí wọn ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀, tí orí ń fọ́ yín láti ẹ̀bátí dé ìpàkọ́, tí àwọn èèyàn sì ti ń sọ fún yín pé ọwọ́ ayé ni. Mi ò sọ pé kò sí ọwọ́ ayé. Ti èmi kì í ṣe ọwọ́ ayé, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo dé Ọ̀rùn, wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n ti wọ̀ ọ́ láṣọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò pa dé. Ọ̀já ni wọ́n máa ń fi so ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkú mọ́ ọn lórí kí ara tó le, kí ẹnu má bàa là sílẹ̀. Wọ́n ti gbìyànjú tì, ọ̀já ń yọ̀. Àbúrò ìyá ọkọ mi ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Màmá Emùré ni gbogbo wa ń pè é, nítorí Emùré ló ti lọ́kọ.

"Ìyàwó," ó ní, "ọwọ́ rẹ lágbára. Gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí n so ó."

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé e. Ó tutù bí ìdí ìkòkò àmù. Mo ń tì í sókè díẹ̀díẹ̀, àfi kó!, bí ẹni fi òkúta pa èkùrọ́ ẹyọ kan. Ẹnu náà pa dé. Màmá Emùré ta ọ̀já ní kókó, ó wá gbójú sókè wò mí.

"Ó gbà fún ọ," ló wí.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé oyún wà nínú mi. Èmi gan-an ò mọ̀. Nílé ọkọ mi, a kì í jẹ́ kí aboyún fọwọ́ kan òkú. Nígbà tí oyún wá hàn, àwọn ìyá àgbà fi ìka ka oṣù, wọ́n wo ara wọn. Mo bí obìnrin. Ẹnikẹ́ni ò bi wá léèrè orúkọ. Kí a tó gbé ọmọ délé ni Màmá Emùré ti ń pè é ní Yétúndé. Ó gbé e sókè lápá méjèèjì, ó ń fi í jó, ó ń kí i bí àgbà: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àbọ̀ o! Ẹ ò mà pẹ́ rárá!" Inú mi dùn. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn sí ọmọ tí wọ́n fi ayọ̀ gbà báyẹn?

Yétúndé ti ń rákò nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró náà. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú, gbogbo àdúgbò dákẹ́. Mo ń jẹ àgbàdo sísè ní pálọ̀ wa ní Ìkẹ́rẹ́. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń pa èkùrọ́ lẹ́yìnkùlé. Kó. Kó. Mo dáwọ́ jíjẹ dúró kí n lè gbọ́ ọ dáadáa, òun náà dáwọ́ dúró. Mo tún gé àgbàdo jẹ, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé èkùrọ́ pípa ni ìyá ọkọ mi fi ń pa ọ̀sán rẹ̀ jẹ nígbà ayé rẹ̀. Bí a bá ti ń wọ ilé Ọ̀rùn, ìró òkúta rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kí wa. Mo gbé ọmọ mọ́ra, mo lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Kò sí èèyàn. Kò sí òkúta. Ewúrẹ́ kan ló dùbúlẹ̀ sábẹ́ ìbẹ́pẹ, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo wá yọ ọ́ lẹ́nu. Mo padà sínú ilé, mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo jẹ ìyókù àgbàdo náà. Abẹ́ ìka mi ni ìró ọ̀hún wà.

Mo gbìyànjú láti gbàgbé ẹ̀, ṣùgbọ́n Bùsọ́lá, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń tẹ̀wé, gbọ́ ọ nígbà tí a ń jẹ ẹ̀pà.

"Kí lò ń fọ́ lẹ́nu? Ṣebí a ti bó èèpo ẹ̀pà yìí?"

"Ẹnu mi ni."

"Ẹnu rẹ kẹ̀! Ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò tíì fepo sí." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti sún àga rẹ̀ kúrò lẹ́bàá tèmi.

Ìrora tẹ̀lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú etí ọ̀tún, ó gun ẹ̀bátí, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ìpàkọ́. Ní àárọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á le gbagidi bí ẹni tó ti ń jẹ egungun láti alẹ́. Fẹ́mi ní mo ń payín keke lójú oorun. Tí mo bá yanu níwájú dígí, àgbọ̀n mi kì í wálẹ̀ tààrà. Á kọ́kọ́ yà sápá ọ̀tún ná, bí ẹni tó fẹ́ yẹ ojú ẹnìkan sílẹ̀, kí ó tó wálẹ̀. Mo máa ń dúró níbẹ̀, mo ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ó máa wálẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò ṣe é.

Èyí tó wá já mi láyà jù nìyí. A lọ sí Ọ̀rùn lọ́jọ́ kan, Fẹ́mi dúró bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ̀rọ̀ nídìí mọ́tò, èmi ń lọ ṣíwájú, ọmọ lẹ́yìn, ẹrù lórí. Bàbá arúgbó kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ kí mi.

"Ẹ kú ìrìn o, Màmá Fẹ́mi. Ó mà tó ọjọ́ mẹ́ta."

Màmá Fẹ́mi ni wọ́n ń pe ìyá ọkọ mi. Mo yíjú sí i kí n lè sọ fún un pé èmi ni. Bàbá náà wo ojú mi, ó dìde, ó wọlé, mo sì gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn.

Mo sọ fún Fẹ́mi. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ló ń fi ra ilẹ̀.

"Tí o bá ń rìn báyìí, ọrùn rẹ máa ń na síwájú bíi ti Màmá. Mo rí ọ láti wíńdò kíláàsì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ kan. Mo ti dìde kí n lọ dọ̀bálẹ̀."

"O ò sọ fún mi?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ wa, ó di ti ẹbí. Màmá Emùré ti kó wá sí ilé Ọ̀rùn láti máa ṣọ́ ọ lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wá bá wa gbé ní Ìkẹ́rẹ́ kí ó lè tọ́jú mi. Ó fi òrí pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó fi omi gbígbóná àti iyọ̀ jó o, ó se àgbo tó korò débi pé ahọ́n mi kú. Wọ́n mú mi lọ síbi àdúrà. Obìnrin kan níbẹ̀ gbé etí sún mọ́ ẹnu mi, ó ní ẹnìkan ń gbé inú ẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo gbààwẹ̀. Kí n sòótọ́, ààwẹ̀ yẹn ràn mí lọ́wọ́, nítorí mi ò jẹ nǹkan kan tó lè jẹ́ kí ẹnu mi dún.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò ràn án, Màmá Emùré mú ọ̀já funfun kan jáde.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò bá gbọ́ràn, ọ̀já la fi í kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́."

Ó gbé e gba abẹ́ àgbọ̀n mi, ó ta á ní kókó lórí mi. Mo rí ara mi nínú dígí. Yétúndé ń rákò bọ̀, ó gbójú sókè, ó rí mi, ó dúró. Ọmọ tí adìyẹ lásán ń pa lẹ́kún kò ké rárá. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wò mí, bí ìgbà tí èèyàn rí ẹni tó mọ̀ rí. Mo já ọ̀já náà sọnù. Láti inú kíṣíìnì ni mo ti gbọ́ ohun tí Màmá Emùré ń sọ fún ọkọ mi: "Ìyá rẹ ló fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ, Fẹ́mi. Ọjọ́ tó gbé e pẹ̀lú oyún nínú ni. Ọmọ yìí ò gbọdọ̀ máa sùn lẹ́bàá ẹnu yẹn mọ́. Ukú kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ mú lọ.

Mo ní ilé ìwòsàn ni mo fẹ́ lọ. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Dókítà elétí ló kọ́kọ́ rí mi, ó ní etí mi mọ́ ju tòun lọ. Ó ní kí n lọ rí dókítà eléyín. Ìlà tibẹ̀ gùn dé ìta, a sì ti jókòó lórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀, èmi àti Màmá Emùré tó ní òun gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé mi, Yétúndé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ooru mú. Èèyàn ẹ̀gbẹ́ mi yán, èmi náà yán.

Ẹnu mi là, ó dún, kò sì pa dé mọ́.

Mo tì í pẹ̀lú ọwọ́, kò lọ. Itọ́ ń dà sára aṣọ mi. Mo fẹ́ sọ pé "ẹ gbà mí", ohun tó ń jáde ni "haaa". Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì wo ojú mi, wọ́n dìde lápapọ̀ bí ẹni pé bẹ́ńṣì ti gbiná. Ẹnìkan ń pe Jésù. Bí mo ṣe di ẹni àkọ́kọ́ lórí ìlà nìyẹn. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo rí ojú Màmá Emùré, mo sì mọ ẹni tó ń wò lára mi.

Dókítà eléyín wé aṣọ mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì, ó kì wọ́n sínú ẹnu mi dé orí eyín ẹ̀yìn, ó tẹ àgbọ̀n mi wálẹ̀, ó tì í sẹ́yìn. Kó! Ó wọlé. Ó fi bándéèjì di abẹ́ àgbọ̀n mi mọ́ orí, ó ní mi ò gbọdọ̀ yanu, mi ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní eyín mi ò ṣe nǹkan, oríkèé tó so ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ orí ló yẹ̀, kí a lọ rí dókítà tó ń fi eré ìmárale wo èèyàn.

Yàrá tí wọ́n mú wa lọ, àwọn arúgbó tí apá kan ara wọn ti rọ ló kún ibẹ̀, wọ́n ń kọ́ ìrìn láàárín irin méjì.

"Ẹnu ló ń dùn ún, wọ́n mú wa wá síbi ẹsẹ̀," ni Màmá Emùré ń kùn.

Dókítà náà wá láti apá Auchi. Ó fẹ́ràn láti máa sọ Yorùbá, ó sì yára sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ máa ń wálẹ̀ níbi tí tiwa kì í ti í wálẹ̀. Ó ní kí n dúró, ó wò mí láti ẹ̀gbẹ́, ó fi ìka tẹ ẹ̀yìn ọrùn mi, mo fò. Ó yíjú sí Màmá Emùré, ó sì fi ọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ kó lè yé e. Màmá Emùré kò wo ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ ló ń pọ̀n.

"Màmá, kì í ṣe ẹnu nìkan o. Àìsàn yìí, láti ọ̀run ló ti wá."

Ọwọ́ Màmá Emùré dúró lórí ọ̀já ìpọnmọ. "Láti ibo?"

"Láti ọ̀run. Ọ̀run ló ń fa ẹnu. Tí a ò bá tún ọ̀run ṣe, ẹnu ò ní sàn láéláé."

Ọrùn ló ń sọ. Ọrùn tí orí wa dúró lé! Èmi tí mo rí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Màmá Emùré wo bándéèjì tó yí mi lórí ká, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe so ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Dókítà, ẹ ṣé," ó ní jẹ́jẹ́. "Olóòótọ́ ni yín. Àwọn yòókù ò lè là á mọ́ wa."

Ó fún ọ̀já ìpọnmọ le, ó jáde. Mo rò pé ó fẹ́ tọ̀ ni. Nígbà tí mo wo ojú wíńdò, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ wọ mọ́tò. Mo sáré dé ìta. Ọmọ mi ti yí ọrùn padà, ó ń wò mí láti inú mọ́tò náà. Mo ń ké. "Hùùùn" ló ń jáde. Àwọn tó rí mi nígbà tí ẹnu mi là yà sọ́tùn-ún sósì fún mi, kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́ dá mọ́tò dúró.

Nígbà tí wọ́n tú bándéèjì náà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo sọ fún ọkọ mi ni pé kó lọ gbé ọmọ mi wá. Ó lọ. Ó dá nìkan padà láti Ọ̀rùn. Ó ní wọ́n ní Yétúndé ń jẹ ẹ̀kọ, ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ gbà á, mo gbọ́dọ̀ wá síbi sàréè Màmá wá dá ohun tí mo gbà padà.

"Fẹ́mi, ṣé ìwọ náà gbà pé ìyá rẹ wà nínú ẹnu mi?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

Ó lọ bu omi gbígbóná, ó rẹ aṣọ sínú rẹ̀, ó gbé e wá fún mi kí n fi lé ọmú mi tó ti wú. Èèyàn dáadáa ni ọkọ mi. Òkú ìyá rẹ̀ ló ń bẹ̀rù.

Mo bá padà lọ bá dókítà náà. Mo sọ fún un ohun tí ohùn rẹ̀ ti dá sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lérí. Láti ọjọ́ náà, tó bá fẹ́ sọ ọrùn, á kọ́kọ́ gbá tirẹ̀ ná, pàá.

Ó ní kí n gbé ẹ̀yìn ti ògiri, ó ní kí n fi ìpàkọ́ kan ògiri láì gbójú sókè. Ẹ dán an wò nílé. Èmi ò lè ṣe é. Orí mi ti jìnnà sí ògiri débi pé mo rò pé ó ń tàn mí jẹ ni. Ó ní nígbà tí orí bá ti na síwájú, àwọn iṣan abẹ́ àgbọ̀n á máa fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́yìn, oríkèé á máa fún, tí èèyàn bá wá ń bẹ̀rù tó ń di eyín mọ́ eyín tọ̀sán tòru, ó parí nìyẹn. Tábìlì ọ́fíìsì, ọmọ tí mo ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún lọ́mú, ẹrù orí, ẹ̀rù òkú, gbogbo wọn ló pawọ́ pọ̀. Ó ní ìyá ọkọ mi náà, bí ó bá rí i láyé, ohun kan náà ni ìbá sọ fún un.

Eré ìmárale náà kò dà bí oògùn rárá, ohun tó ń mú kí èèyàn fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nìyẹn. Mo ń fa àgbọ̀n sẹ́yìn láì tẹrí ba, bí ẹni tó gbóòórùn tí kò fẹ́. Mo ń fi orí ahọ́n kan àjà ẹnu lẹ́yìn eyín òkè, mo ń yanu díẹ̀díẹ̀ láì jẹ́ kí ahọ́n kúrò níbẹ̀, níwájú dígí, kí àgbọ̀n lè wálẹ̀ tààrà. Mo ń fa èjìká méjèèjì sẹ́yìn. Ètè a pa dé, ṣùgbọ́n eyín kò gbọdọ̀ kan eyín àfi tí mo bá ń jẹun. Ní ọ́fíìsì, Bùsọ́lá bá mi wá búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ó ní tí ọ̀gá bá bi wá, a ó ní Èkìtì ń gòkè ni. Mo ń sunkún tí mo bá ń ṣe é. Dígí náà kì í jẹ́ kí n gbàgbé ohun tí mo ń ṣe é fún.

Ìró náà ń dín kù. Nígbà tí mo ti lè fi ìpàkọ́ kan ògiri, mo sọ fún Fẹ́mi pé kó mú mi lọ sí Ọ̀rùn.

Ọ̀sán ni a débẹ̀. Sàréè náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Màmá Emùré dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, Yétúndé lápá rẹ̀, orógbó lẹ́nu rẹ̀, àwọn obìnrin ilé bíi mélòó kan lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́.

"Kúnlẹ̀, ìyàwó. Yanu sí i. Sọ fún un pé o ti dá a padà."

Mo kúnlẹ̀. Ojú ọmọ mi ni mò ń wò. Mo fi ahọ́n kan àjà ẹnu, mo yanu. Kò dún.

"Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Kò dún. Gbogbo wọn ń na etí. Àfi kó!

Obìnrin kan sá, bàtà rẹ̀ kù sílẹ̀. Fẹ́mi di èjìká mi mú. Ọwọ́ mi wà lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé kò mì rárá. Kó! Ó tún dún. Láti ọ̀kánkán sàréè ló ti ń bọ̀. Yétúndé na ìka, ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá Emùré.

Màmá Emùré dáwọ́ jíjẹ dúró.

"Màmá," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ orógbó yẹn."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà jẹ ẹ́, mà."

Kó.

"Èyí?" Ó fọwọ́ kan ara rẹ̀. "Èyí kì í ṣe nǹkan kan jàre. Bó ṣe ń dún láti ìgbà ọmọge nìyẹn. Ti ẹ̀gbọ́n mi náà ń dún. Ulé wa, bí a ṣe ń jẹun nìyẹn."

"Kí ló wá dé tí ẹ̀yin kò fi kúnlẹ̀ síhìn-ín?"

Fẹ́mi bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún fọwọ́ bo ẹnu. Mo dìde. Mo gbá ọrùn mi, pàá, bíi ti dókítà. "Ọrùn ló ń sọ, Màmá! Ọrùn tí a fi ń gbẹ́rù! Kì í ṣe ọ̀run, kì í sì í ṣe ìlú yìí! Àjòjì ni, ohùn rẹ̀ ló ṣì í sọ. Ẹ tún gbọ́ ọ̀kan sí i. Ẹ̀yin lẹ sọ ọmọ yìí ní Yétúndé. Ẹ̀yin lẹ kí i káàbọ̀. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá ti padà wá, tó wà lápá yín yìí, ta ló wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi? Ta ni ẹ ní kí n máa yanu sí nínú sìmẹ́ǹtì? Ẹ mú ọ̀kan, mà. Ẹ ò lè mú méjèèjì."

Ó wo ọmọ náà lójú, ó wo sàréè.

"Iléèwé gírámà yìí," ó ní, "ẹ ò gbọdọ̀ rán obìnrin lọ síbẹ̀ mọ́ o." Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì dún, ó tún wá ń rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ó na Yétúndé sí mi.

Ọmọ mi kò na ọwọ́. Ó dojú bo àyà Màmá Emùré. Mi ò ní fi bò fún yín: nínú gbogbo ìrora tí mo jẹ, kò sí èyí tó tó ìyẹn. Ojú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ ló ti wá gbórí lé mi láyà.

Ara mi le báyìí. Mò ń jẹ ẹran, mò ń jẹ ẹ̀pà, mo lè yán. Àgbàdo sísè ni mo máa ń fi ọ̀bẹ gé kúrò lórí kùùkù. Tí ọyẹ́ bá dé tàbí tí inú bá bí mi, ìró náà á yọjú díẹ̀. Mo ń padà sídìí ògiri, mo ń fa àgbọ̀n sẹ́yìn, á lọ. Ìgbà mìíràn wà, lọ́sàn-án, tí ilé bá dá, tí mo máa ń gbọ́ èkùrọ́ lẹ́yìnkùlé, tí ẹnu mi sì wà ní pípadé. Mi ò lọ wò ó mọ́. Ẹ̀yin tó ń ṣe, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ eyín tí kò ṣe nǹkan. Ẹ má fi ọ̀já so ẹ̀rẹ̀kẹ́ fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ oríkèé àti ọrùn wò yín, kí ẹ sì ní sùúrù fún eré ìmárale, nítorí kì í yára.

Yétúndé ti ń lọ iléèwé. Nígbà tó lọ sinmi ní Ọ̀rùn, Màmá Emùré fi ìtàn wa dá a lára yá, ó sọ bí òun ṣe gbé e sá nílé ìwòsàn. Àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín. Tèmi gbé ìtàn náà délé. Mo ń di irun fún un nígbà tó ní, "Mọ́mì, wọ́n ní ẹ dúró, ẹ ń wò mí, ẹ ò pè mí."

Mo gbé òòyà sílẹ̀. Mo yí ojú rẹ̀ sí mi kó lè rí ẹnu mi. Mo ní, "Mo pè ọ́. Títí mọ́tò yẹn fi ṣẹ́ kọ́nà, orúkọ rẹ ni mò ń pè. Ẹnu mi ni wọ́n so."